Ọwọ́ Tí Ó Ṣẹ́ Kèké

Ní ọdún tí ó kọjá, àwa ọkùnrin mẹ́tàlélógún ni a wà nínú kíláàsì wa, ibùsùn mẹ́fà péré ni ó sì kàn wá nínú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, a fi ẹnu kò pé kí a ṣẹ́ kèké. Èmi ni akọ̀wé kíláàsì, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n gé ìwé. Mo gé ìwé mẹ́tàlélógún, mo kọ "ibùsùn" sí mẹ́fà, mo fi mẹ́tàdínlógún sílẹ̀ ní òfìfo, mo ká gbogbo wọn, mo dà wọ́n sínú fìlà mi, mo sì mì ín lójú gbogbo ènìyàn. Ohun tí wọn kò rí ni pé mo ti ká ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà ju àwọn ìyókù lọ, tí ó fi ki lọ́wọ́, mo sì ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé èyí tí ó bá ki ni kí ó mú. Ó mú un. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e mú òfìfo. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ẹni tí ó mú òfìfo yìí wá bá mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Akọ̀wé, o kú iṣẹ́ o. Kèké kì í ṣègbè." Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi mìíràn tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Kò bá mi wí. Ẹ̀rín ni ó rín, ó ní, "Ọwọ́ ni ó ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ẹ fi ṣẹ́ kèké yín. Ẹ̀rọ kò ní ọ̀rẹ́." Mo kọ́kọ́ rò pé òótọ́ ni ó sọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni a fẹ́ la mọ̀, a kò mọ ẹni tí ó fẹ́ ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí kò lè fẹ́ ẹnikẹ́ni ni ó yẹ kí ó máa pín nǹkan fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń tọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà lọ, mo rí i pé kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kan kèké, ǹjẹ́ kèké náà ṣì lè jẹ́ ti òdodo?

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé kí akọ̀wé ṣáà ti jẹ́ olóòótọ́, ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1969, nígbà tí ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ́ kèké láti mọ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọn yóò kọ́kọ́ mú wọ iṣẹ́ ológun. Wọ́n fi ọjọ́ ìbí kọ̀ọ̀kan sínú kóró ike kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 366, wọ́n dà wọ́n sínú ìkòkò onígíláàsì, wọ́n sì ń mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá tètè jáde ni yóò tètè lọ sójú ogun. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ká ìwé kan kí ó ki. Ṣùgbọ́n oṣù tẹ̀ lé oṣù ni wọ́n fi kó àwọn kóró náà jọ, wọn kò sì pò wọ́n dáadáa, àwọn tí ó gbẹ̀yìn wọlé sì wà lókè. Bí kèké náà bá dọ́gba, ipò tí ọjọ́ inú oṣù kan yóò bọ́ sí kò ní jìnnà sí 183 bí a bá pín in lọ́gbọọgba. Ti oṣù Kejìlá bọ́ sí nǹkan bí 121. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìyá wọn bí ní ìparí ọdún ni wọ́n tètè pè sógun nítorí pé a kò ro inú ìkòkò dé ìsàlẹ̀. Ní ọdún 1970 wọ́n lo àgbá méjì, ọ̀kan fún ọjọ́, ọ̀kan fún nọ́ńbà, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ mímọ́ nìkan kò tó, nígbà náà. Olóòótọ́ pẹ̀lú lè ṣẹ́ kèké tí ó wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá yà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Kí ni ẹ̀rọ fi ń ṣẹ́ kèké? Ariwo ni. Bí ẹ bá ń wá ilé iṣẹ́ kan lórí rédíò, tí ẹ kò sì tíì bá a, ẹ ó gbọ́ ohun kan tí ń dún ṣàà bí òjò lórí páànù. Apá kan rẹ̀ ń ti òfurufú wá, apá kan sì ń ti inú rédíò fúnra rẹ̀ wá. Ní ọdún 1918, Walter Schottky, ará ilẹ̀ Jámánì, ṣàlàyé pé iná kì í ṣàn nínú gílóòbù rédíò bí omi odò ti ń ṣàn. Ẹyọ ẹyọ ni àwọn electron ń dé, bí ìgbà tí yìnyín bá ń bọ́ lu òrùlé, ìyẹn ni ó sì ń fa ariwo. Ní ọdún 1928, John B. Johnson, tí ń ṣiṣẹ́ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ohunkóhun tí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá tí ó sì ń dí iná lọ́wọ́ díẹ̀ ni ó ń pariwo, bí ó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ lórí tábìlì tí a kò so ó mọ́ nǹkan kan. Ooru ni ó ń mú àwọn electron inú rẹ̀ sáré sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ti gbóná tó ni ariwo rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ní ọdún kan náà, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Harry Nyquist fi ìṣirò sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níhìn-ín, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Àwọn onímọ̀ lè ṣírò bí ariwo yìí ti lágbára tó, wọ́n lè sọ bí ìró gíga àti ìró ìsàlẹ̀ ti pọ̀ tó nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí yóò ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá tí ń bọ̀. A mọ ìwà rẹ̀, a kò mọ ìṣe rẹ̀.

Irú ariwo báyìí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́ kèké fún gbogbo ìlú. Ní ọdún 1956 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta ìwé owó kan tí wọ́n ń pè ní Premium Bonds. Ẹni tí ó rà á yá ìjọba lówó. Dípò èlé, a ń ṣẹ́ kèké, ẹni tí kèké bá mú a gba ẹ̀bùn, ẹni tí kò bá mú kò sì pàdánù owó tí ó fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ṣẹ́ kèké náà ní ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 1957 ni ERNIE. Àwọn òṣìṣẹ́ ìwádìí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dollis Hill, ní London, ni wọ́n kọ́ ọ. Ariwo inú gílóòbù neon ni wọ́n ń kà, ẹ̀rọ náà sì ń mú nǹkan bí 2,000 nọ́ńbà jáde ní wákàtí kan. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti ìgbà náà. Ìkarùn-ún, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2019, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń lò dípò ariwo iná. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé wọn kò gba ẹ̀rọ gbọ́ lásán. Àwọn oníṣirò àgbà ti ìjọba, tí kì í ṣe àwọn ni wọ́n ni ẹ̀rọ, ni wọ́n ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó fì sí apá kan.

Ṣé ẹ̀rọ pẹ̀lú ń fì sí apá kan ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn àgbà sọ pé kò sí bí a ṣe lè ṣe Ifá kí ó má hùwà èkùrọ́. Bí ikin ti jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ tó, ara ọ̀pẹ ni ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ: wáyà ni, gílóòbù ni, ìwà wáyà àti gílóòbù kò sì lè ṣàìhàn nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí RAND ní California fẹ́ tẹ ìwé kan jáde tí yóò kún fún mílíọ̀nù kan nọ́ńbà aláìlétò, fún ìlò àwọn oníṣirò. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ kan tí ń ka ìró iná tí ó ń wá láìlétò, nǹkan bí 100,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ìgbà tí àgbá tẹ́tẹ́ bá ń yí. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó ń ṣègbè. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n fi oṣù Karùn-ún àti Kẹfà ọdún 1947 kó mílíọ̀nù kan náà jọ, ègbè díẹ̀ ṣì kù níbẹ̀. Níkẹyìn wọ́n ní láti máa ro nọ́ńbà mọ́ nọ́ńbà, kí wọ́n fi iye mẹ́wàá inú rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n mú ìyókù, kí ègbè náà tó parẹ́. Ọdún 1955 ni ìwé náà jáde.

Ẹ wá wò ó: ọwọ́ ènìyàn ni ó tún ariwo ṣe kí ó tó di aláìṣègbè. Bí a bá fi ariwo sílẹ̀ bí Ẹlẹ́dàá ti dá a, kò dọ́gba. Èyí ni ó kọ́kọ́ mi ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ, pé ọwọ́ ni ó ń ba nǹkan jẹ́.

John von Neumann, ọmọ ilẹ̀ Hungary tí ó di ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀nà kan hàn ní ọdún 1951 tí ó rọrùn débi pé ọmọdé lè ṣe é. Ká ní kọ́bọ̀ kan ti tẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá jù ú ní ìgbà mẹ́wàá, orí ni yóò máa là ní ìgbà méje. Má ṣe jù ú lẹ́ẹ̀kan; jù ú lẹ́ẹ̀méjì. Bí ó bá la orí lẹ́ẹ̀méjì, tàbí tí ó la ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀méjì, gbàgbé rẹ̀, kí o tún jù. Bí ó bá la orí kí ó tó la ẹ̀yìn, Àjàyí ni ó ni ín. Bí ó bá la ẹ̀yìn kí ó tó la orí, Òjó ni ó ni ín. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, nǹkan bí mọ́kànlélógún ni yóò jẹ́ ti Àjàyí, nǹkan bí mọ́kànlélógún ni yóò jẹ́ ti Òjó, nítorí pé ìlọ́po méje àti mẹ́ta kò yàtọ̀ sí ìlọ́po mẹ́ta àti méje. Kọ́bọ̀ náà ṣì tẹ̀ bí ó ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ rẹ̀ ti tọ́. A kò nílò ohun èlò tí kò ní àbùkù kí a tó lè ṣe òdodo. Ohun tí a nílò ni ẹni tí ó mọ àbùkù ohun èlò rẹ̀, tí ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi mú mi wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ àṣewò, ó fi ẹ̀rọ kan tí ń pèsè ariwo hàn mí. Ohun méjì tí a ń fi ọwọ́ yí wà níwájú rẹ̀. Ó yí èkíní, ariwo náà lágbára sí i; ó yí èkejì, èyí tí ń dún bí òjò lórí páànù di ohun tí ń kù bí ọkọ̀ ńlá tí ó wà lókèèrè. Ó ní bí oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá fẹ́ mọ bóyá ohun tí òun kọ́ lè fara da ayé, ariwo ni yóò tú sí i, yóò sì yàn irú èyí tí ó fẹ́. Ó tún sọ fún mi nípa ẹ̀rọ kan tí Hewlett-Packard gbé jáde ní ọdún 1967, èyí tí wọ́n pè ní 3722A. Ẹ̀rọ yìí lè pa ariwo tí kì í ṣe ariwo gidi. Ó ń fi òfin tò ó ni: bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ń tẹ̀ lé ara wọn tí ó fi dà bí ohun tí kò létò, títí dé 1,048,575, lẹ́yìn náà yóò tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Etí kò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé bí nǹkan bá bàjẹ́ lónìí, wọ́n lè tún pa ariwo kan náà lọ́la kí wọ́n wo ìdí tí ó fi bàjẹ́.

Mo dúró, mo ń ronú. Ariwo tí ó kọ́ orin rẹ̀ sórí ni èyí. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, nítorí ẹni tí ń lò ó mọ ohun tí ó jẹ́, kò sì sí ibùsùn ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní a gbé e lọ síbi tí a ti ń pín nǹkan fún ènìyàn ńkọ́? Ẹni tí ó mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti mọ òpin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó sì ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Eddie Tipton ni olórí ààbò ẹ̀rọ fún ẹgbẹ́ kan tí ń bójú tó lọ́tìrì ìpínlẹ̀ púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ètò tí ẹ̀rọ fi ń yan nọ́ńbà, ó sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ pa mọ́ sínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ní àwọn ọjọ́ kan péré láàrin ọdún, òun lè mọ nọ́ńbà tí ó lè jáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni ó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 16.5 dọ́là ní Iowa, tíkẹ́ẹ̀tì náà ni ó sì tú u fó. Ní ọdún 2017 ó jẹ́wọ́ ẹ̀bi, wọ́n sì dá a lẹ́jọ́ ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 25. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wo àwọn nọ́ńbà náà kò ní rí nǹkan kan. Òun pẹ̀lú ká ìwé kan kí ó ki ni. Inú ẹ̀rọ ni ó kàn ti ká a. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi mọ́. Ẹ̀rọ kò ní ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ ọ ní.

Kí ni ó wá ya ọwọ́ Tipton sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́ àwọn tí wọ́n tún ariwo RAND ṣe? Gbogbo wọn ni wọ́n fi ọwọ́ kan kèké. Èsì tí mo rí ni pé ìwà kèké ni àwọn kan tún ṣe, ìṣe rẹ̀ ni ẹnì kejì fi ọwọ́ dì mú. Ẹni tí ó bá sọ pé kí ariwo lágbára, tàbí kí ó dọ́gba, kò tíì mọ ẹni tí yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé kí nọ́ńbà báyìí jáde lọ́jọ́ báyìí ti ní orúkọ kan lọ́kàn. Ọwọ́ tí ó tún kèké ṣe kí orúkọ tó wọ inú rẹ̀, ọwọ́ oníṣẹ́ ni; ọwọ́ tí ó tún un ṣe lẹ́yìn tí ó ti mọ orúkọ, ọwọ́ olè ni. Kí ti oníṣẹ́ náà má baà wọ́ láìmọ̀, bí ti ọdún 1969, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá lọ dá Ifá kì í kọ́kọ́ ka ọ̀ràn rẹ̀ fún babaláwo. Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó, ó sì ń gbé owó náà kalẹ̀. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé, ìyẹn ni ó fi lè ja sí ọ̀kan nínú odù 256. N kò sọ pé Ifá àti ariwo iná jẹ́ ọ̀kan náà; ẹni tí ó gbà á gbọ́ mọ ẹni tí òun gbà pé ó ń fọhùn níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn baba wa kò jẹ́ kí ọwọ́ tí ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu wí sí owó. Wọ́n mọ ènìyàn.

Kí n tó fi àròkọ yìí ránṣẹ́, mo lọ bá ẹni tí ó mú òfìfo, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó dákẹ́ títí, ó wá bi mí pé, "Bí o kò bá ká ìwé yẹn bẹ́ẹ̀, ṣé èmi ni ǹ bá mú un?" N kò lè dá a lóhùn. Kò sí oníṣirò tí ó lè dá a lóhùn. Ó ṣeé ṣe kí ó tún mú òfìfo. Ṣùgbọ́n ṣáájú ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó gba ibùsùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kèké ni kò mú un. Nísinsìnyí, ó ti ní ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, èmi sì ni. Ohun tí kèké òdodo ń fún ẹni tí kò mú nǹkan kan nìyẹn: yóò lọ sílé lọ́wọ́ òfìfo, ṣùgbọ́n kò ní ní ọ̀tá níbẹ̀. Mo ti rò pé ibùsùn kan ni mo fi fún ọ̀rẹ́ mi. N kò mọ̀ pé ohun tí mo gbà lọ́wọ́ ẹnì kejì ju ibùsùn lọ.

Lọ́dún tí ń bọ̀, a ó tún ṣẹ́ kèké. Mo ti kọ ipò akọ̀wé sílẹ̀. Mo bẹ ẹni tí ó bá gbà á pé kí ó jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn ká ìwé, kí òun mi fìlà, kí ẹni tí kò bá ní ìpín níbẹ̀ sì yẹ gbogbo ìwé náà wò kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́.